Dò, Re, Mí: Ó Yẹ Kí Ọmọ Oǹdó àti Àkúrẹ́ Gbọ́ Ọ́kẹ́sítírà

Ní ilé-ìwé girama tí a ti ń kọ́ èdè Yorùbá, yálà ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó, ohùn mẹ́ta kan wà tí kì í wọ́n létí: dò, re, mí. Olùkọ́ á dúró níwájú pátákó, á kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sílẹ̀: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Á ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi dò-re-mí pè wọ́n kí wọ́n tó fi àmì sí wọn lórí. Re re. Re mí. Re dò. Dò dò. Gbogbo kíláàsì á máa dún bí ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ̀rín á sì sọ nígbà tí ẹnìkan bá ṣi ohùn gbé, tí ó sọ ọkọ ìyá rẹ̀ di ọkọ́ tí a fi ń roko.

Iṣẹ́ orin ni olùkọ́ náà ń ṣe, bí kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àwọn olórin ni olùkọ́ èdè ti yá dò-re-mí tí ó fi ń ya ohùn ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn àárín àti ohùn òkè. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí léèrè pé ta ni nínú wọn tí ó ti jókòó rí níwájú ọgọ́ta eléré tí wọ́n jọ ń lo ohun èlò orin pọ̀, tí a kò gbé sípíkà kankan síwájú wọn, bóyá ni a óò fi rí ọwọ́ mélòó kan tí yóò nà sókè. Wọ́n mọ orúkọ ohùn. Wọn kò tíì gbọ́ bí ohùn ti lè pọ̀ tó.

Ohun tí a ń wí nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé lílọ gbọ́ irú agbo eléré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe fàájì àwọn olówó Èkó nìkan. Ẹ̀kọ́ ni fún etí, etí ni a sì fi ń mọ èdè Yorùbá. Láfikún sí i, ilé Oǹdó kò jìnnà sí orísun irú orin yìí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó bá sọ pé kò kan Oǹdó kò tíì gbọ́ ìtàn náà délẹ̀.

Ní Oníkàn, ní Èkó, ni gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ MUSON wà. Ọdún 1983 ni a dá ẹgbẹ́ olórin yìí sílẹ̀. Lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ni Olóyè Akíntọ́lá Williams, àgbà oníṣirò owó tí ó dágbére fún ayé ní 2023 ní ẹni ọdún 104, àti Olóyè Ayọ̀ Rosiji, agbẹjọ́rò àti olóṣèlú. Orí ilẹ̀ tí a ń pè ní Love Garden nígbà kan rí ni wọ́n kọ́ ilé náà sí. Wọ́n ní ilé-ìwé orin, wọ́n ní ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n sì ní ọ́kẹ́sítírà sínfóní tí òkìkí rẹ̀ ti kàn kọjá Èkó. Ní 1997 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún orin tiwọn. Nígbà tí ó di 2006, àjọ MTN Foundation bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gba ìwé-ẹ̀rí dípúlómà níbẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tálákà pàápàá lè di atafayolíìnì bí ó bá ní ẹ̀bùn àti ìfaradà.

Ọ̀pọ̀ ni yóò bi pé kí ni ó kan Oǹdó nínú ọ̀rọ̀ Oníkàn. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú orúkọ ìdílé kan: Phillips.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Charles Phillips jẹ́ òjíṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà ní ìlú Oǹdó. Òun àti Samuel Johnson òpìtàn ni ìjọba Èkó rán ní 1886 láti lọ bá Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ sọ̀rọ̀ àlàáfíà, kí ogun tí ó ti pa ilẹ̀ Yorùbá lára tó bẹ́ẹ̀ lè rọlẹ̀. Ní 1893 ni a fi òun àti Isaac Olúwọlé jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ọmọ bíṣọ́ọ̀bù yìí ni Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí a bí ní 1884. Ẹkúndayọ̀ kò tẹ̀lé bàbá rẹ̀ sí orí àga ìwàásù. Ìdí dùùrù ńlá ṣọ́ọ̀ṣì ni ó jókòó sí. Ní 1911 ó lọ kọ́ṣẹ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀n. Nígbà tí ó padà dé ní 1914, ó di atẹdùùrù àti olùdarí akọrin ní Christ Church ní Marina, Èkó. Kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1962. Ọdún 48 gbáko nìyẹn. Ọmọ tirẹ̀, tí ó ń jẹ́ orúkọ Charles bíi ti bàbá àgbà, ni ó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni ẹsẹ̀ orin bẹ́ẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ ní Èkó. Lábẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní 1905, ti gba ẹ̀kọ́ dùùrù. Ayọ̀ Bánkólé náà gba ẹ̀kọ́ lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá wá ń sọ nípa ọ́kẹ́sítírà ní Nàìjíríà lónìí, àwọn orúkọ wọ̀nyí ni òpó tí ilé náà dúró lé. Àwọn àgbà sì ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Bí a bá tọ ipasẹ̀ odò tí ó ń ṣàn ní Oníkàn yìí padà sẹ́yìn, ẹ̀ka rẹ̀ kan gba inú ilé míṣọ́nnárì ní Oǹdó kọjá.

Ẹkúndayọ̀ Phillips kò kàn tẹ dùùrù. Ó kọ ìwé kan tí a tẹ̀ jáde ní 1953, tí àkòrí rẹ̀ jẹ mọ́ orin Yorùbá àti bí ọ̀rọ̀ sísọ àti orin ti wọnú ara wọn. Ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún ni ohun tí ó ń jẹ gbogbo olùkọ́ èdè lógún títí di òní. Nígbà tí àwọn ìjọ àkọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mú ọ̀rọ̀ Yorùbá, wọ́n fi sábẹ́ ohùn orin tí àwọn òyìnbó ti ṣẹ̀dá fún ọ̀rọ̀ tiwọn. Ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ohùn orin ń gòkè. Ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ gòkè, ohùn orin ń wọlẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kọrin nípa ọkọ̀ yóò dà bí ẹni tí ó ń kọrin nípa ọkọ́. Ìjọ ń kọrin tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní ìwé orin lọ́wọ́ lè má mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Àwọn ènìyàn kan kò gba èyí bẹ́ẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: ó ṣẹ̀dá orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì gba díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀n ní 1922. Phillips ní tirẹ̀ ṣe àlàyé ìlànà náà lọ́nà ẹ̀kọ́. Ó fi hàn pé orin Yorùbá ní òfin, pé ohùn ọ̀rọ̀ ni ó ń pàṣẹ, tí orin ń tẹ̀lé. Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni olùkọ́ kíláàsì ń kọ́ni nígbà tí ó bá kọ ọkọ àti ọkọ̀ sójú pátákó.

Fẹlá Ṣówándé gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú. Nígbà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀n, ó ṣẹ̀dá iṣẹ́ kan ní 1944 tí ó pè ní African Suite, fún àwọn ohun èlò olókùn. Apá márùn-ún ni ó ní, èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn sì ń jẹ́ Akinla. Orin Akinla yìí rìn jìnnà: fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni ilé iṣẹ́ rédíò CBC ní Kánádà fi ń ṣí ètò orin Gilmour's Albums. Àwọn ará Kánádà tí wọn kò mọ ibi tí Èkó wà jí, wọ́n sùn, wọ́n mọ ohùn orin náà. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, Ṣówándé náà ni ó ṣẹ̀dá sínfóní kan tí a fi sàmì sí òmìnira náà, Folk Symphony. Mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè lórí ìlà ní òwúrọ̀ ni ó mọ̀ pé sínfóní kan wà tí ọmọ Yorùbá ṣẹ̀dá nítorí òmìnira?

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Ọ́kẹ́sítírà sínfóní pín sí agbo mẹ́rin. Agbo kìíní ni ti àwọn olókùn: fayolíìnì, viola, cello àti double bass. Ẹni tí ó bá ti rí gòjé rí yóò dá ìdílé wọn mọ̀, nítorí pé ọrún tí a ń fà lórí okùn ni ó ń mú gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Agbo kejì ni ti àwọn fèrè onígi, bí fèrè òde òní kan nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ irin. Agbo kẹta ni ti àwọn fèrè idẹ, àwọn ìbátan kàkàkí. Agbo kẹrin ni ti àwọn ìlù àti agogo. Àwọn olókùn ni ó máa ń pọ̀ jù, nítorí pé ohùn fayolíìnì kan kò lè bá fèrè idẹ kan jà.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, fèrè kan tí ń jẹ́ oboe á kọ́kọ́ dún, ohùn kan ṣoṣo, gígùn. Gbogbo àwọn yòókù á máa fa okùn wọn tàbí kí wọ́n dín in, títí ohùn wọn yóò fi bá tirẹ̀ mu. Ẹni tí ó bá mọ onílù kò ní ka èyí sí nǹkan àjèjì. Onílù kì í ṣàdédé gbé ìlù kọ́ èjìká kí ó máa lù. Yóò kọ́kọ́ fa ọṣán, yóò gbọ́ ohùn rẹ̀, yóò fi ìda sí ojú gúdúgúdú. Àìṣe bẹ́ẹ̀, irọ́ ni ìlù náà yóò máa pa.

Lẹ́yìn náà ni adarí á wọlé. Kò ní fọn fèrè, kò ní fa okùn, síbẹ̀ òun ni ó ní eré náà. Nínú agbo dùndún, ìyáàlù ni adarí. Kẹríkẹrì, ìsáájú, kànnàngó àti gúdúgúdú á di ìpìlẹ̀ mú, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn á máa wí ohun tirẹ̀ láìyẹ̀, ìyáàlù á sì máa sọ̀rọ̀ lórí gbogbo wọn. Bí gúdúgúdú bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ìyáàlù á di aláìlẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fayolíìnì kejì rí sí fayolíìnì kìíní. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tẹ́tí sí fayolíìnì kejì nìkan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, láìjẹ́ kí ohùn kìíní tí ó dùn jù fà á lọ, ti kọ́ ohun kan tí ìwé kò lè kọ́ ọ: ó ti kọ́ láti yan ohùn kan nínú ọ̀pọ̀ ohùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ èdè ti wọlé nìyí. Àmì ohùn ti di ìṣòro fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Wọ́n ka àmì orí ọ̀rọ̀ sí ọ̀ṣọ́, wọ́n ń fi í síbi tí ọwọ́ wọn bá bọ́ sí. Kì í ṣe pé orí wọn kò pé. Etí wọn ni a kò tọ́. Ariwo ni wọ́n bá pàdé láyé: sípíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì, sípíkà níbi ìnáwó, ohun kékeré inú etí láti ara fóònù. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ohùn ti di ọ̀kan náà, ó ti le, ó ti tẹ́jú. Nínú gbọ̀ngàn ọ́kẹ́sítírà, ohùn lè kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn á fa èémí sẹ́yìn kí ó tó gbọ́ ọ, ó sì lè dìde láti ibẹ̀ títí yóò fi kún inú ilé láìsí iná mànàmáná kankan lẹ́yìn rẹ̀. Etí tí ó ti gbọ́ ìyàtọ̀ yìí rí kò ní ṣòro fún láti mọ̀ pé ìgbà yàtọ̀ sí igbá, pé igbá yàtọ̀ sí igba.

Àwọn kan á ní orin òyìnbó nìyẹn, pé Yorùbá ní orin tirẹ̀. Òtítọ́ ni pé Yorùbá ní orin tirẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ó sọ pé kí a ju dùndún sẹ́yìn ìgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo Akin Euba, tí ó kú ní 2020. Piano ni ó kọ́, ó sì gbóná nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlù dùndún ni ó fi ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Gánà, ó sì sọ ọ́ di ìwé ńlá ní 1990. Ó wá ń ṣẹ̀dá orin piano tí ó ń ronú bí ìlù. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí agbada ìyá rẹ̀ ti tóbi tó, kí ó wo ti aládùúgbò. Àwọn àgbà ti wí i pé ọmọdé tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun.

Àwọn mìíràn á ní jíjókòó pa rọ́rọ́ kì í ṣe ìwà wa. Nílé wa, bí orin bá dùn, a ó dìde, a ó jó, a ó gbè é, a ó ná owó fún olórin. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Ó sì yẹ kí olùkọ́ sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú pé sínfóní sábà máa ń ní apá mẹ́rin, pé a kì í pàtẹ́wọ́ láàárín apá kan àti èkejì, pé ẹni tí ó bá pẹ́ dé á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí apá kan yóò fi parí, pé fóònù á wà ní pípa. Ṣùgbọ́n ṣé lóòótọ́ ni Yorùbá kò mọ bí a ti ń dákẹ́ gbọ́? Nígbà tí ìyáàlù bá ń ki ọba ní ààfin, ta ni ó ń pariwo? Ẹni tí ìlù ń bá wí á yọ etí sílẹ̀, nítorí pé bí ó bá pàdánù ohùn kan, ó ti pàdánù ìtumọ̀. Bí a bá ń pa àlọ́, tí àpàlọ́ ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, àwọn ọmọ á pa lọ́lọ́. Ìdákẹ́jẹ́ gbígbọ́ kì í ṣe ti òyìnbó. A kàn ti jẹ́ kí ariwo gbà á lọ́wọ́ wa ni.

Ọ̀rọ̀ kẹta tí àwọn ènìyàn ń sọ ni ọ̀rọ̀ owó àti ti ìdánwò. Èyí ni ó wúwo jù. Nínú ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2008, a di orin àti àwọn iṣẹ́ ọnà yòókù papọ̀ sínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, ilé-ìwé tí kò ní olùkọ́ orin lè kọ́ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjẹ́ pé ọmọ kankan gbọ́ ohun èlò orin kan ṣoṣo. Bàbá tí ó ń wá owó WAEC kò ní san owó ọkọ̀ fún ọmọ rẹ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Oníkàn, nǹkan bí 300 kìlómítà, nítorí wákàtí méjì orin. Ẹni tí ó bá bínú sí irú bàbá bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tí ayé jẹ́. Ọ̀nà náà kò sì fọkàn balẹ̀ tó kí a kó ọmọ ilé-ìwé sí i lóru.

Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ náà yí padà. Kì í ṣe gbogbo ọmọ Oǹdó ni yóò lọ sí Èkó. Ó yẹ kí Èkó wá sí Oǹdó.

Kí a wo ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ní Gánà, ìjọba Kwame Nkrumah dá ọ́kẹ́sítírà orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1959, ọdún méjì péré lẹ́yìn òmìnira. Philip Gbeho, ẹni tí ó ṣẹ̀dá ohùn orin orílẹ̀-èdè Gánà, ni a fi ṣe olórí rẹ̀. Ní Kinshasa, ní 1994, Armand Diangienda, awakọ̀ òfuurufú tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó àwọn ọmọ ìjọ Kimbangu jọ, ó ní kí àwọn dá ọ́kẹ́sítírà sílẹ̀. Fayolíìnì kò tó, wọ́n ń lò ó ní àlòpadà, ẹnìkan á lò ó tán, èkejì á gbà á. Gbogbo ayé ni ó padà wá wò wọ́n nínú fíìmù kan tí ó jáde ní 2010. Ní Venezuela, José Antonio Abreu bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1975 tí ó ń fi ohun èlò orin lé ọmọ mẹ̀kúnnù lọ́wọ́. Inú ètò náà ni Gustavo Dudamel, tí ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká adarí, ti jáde. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dúró de ìgbà tí owó bá pọ̀.

Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìpìlẹ̀ wà nílẹ̀. Ní ìlú Oǹdó, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a mọ̀ sí Adéyẹmí, tí ó ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ báyìí, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin tí ó ti pẹ́. Ní Àkúrẹ́, gbọ̀ngàn ńlá The Dome dúró gbagidi, ó lè gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Kàtídírà St. Stephen wà ní Òkè-Àlùkò ní Oǹdó, Kàtídírà St. David wà ní Ìjọmu ní Àkúrẹ́. Àwọn akọrin tí ó mọ ìwé orin kà wà níbẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí ẹnìkan so àwọn okùn wọ̀nyí pọ̀.

Kò tilẹ̀ di dandan kí gbogbo ọ́kẹ́sítírà gbéra lẹ́ẹ̀kan. Ènìyàn mẹ́rin péré ni agbo olókùn kékeré ń gbà: fayolíìnì méjì, viola kan, cello kan. Ọkọ̀ kan gbé wọn, àti ẹrù wọn. Wọ́n lè gba Ọ̀rẹ̀ wọlé, kí wọ́n ṣeré fún àwọn ọmọ ilé-ìwé Oǹdó ní òwúrọ̀, kí wọ́n sì wà ní Àkúrẹ́ kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ọ̀nà àárín ìlú méjèèjì kò tó 60 kìlómítà. Kí a pe àwọn onílù dùndún ìlú náà jókòó tì wọ́n. Kí àwọn mẹ́rin náà ta Akinla. Kí ìyáàlù sì sọ ọ̀rọ̀ kan, kí àwọn ọmọ fi dò-re-mí kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ èdè àti ẹ̀kọ́ orin á di ọ̀kan ní ọjọ́ náà, àwọn ọmọ kò sì ní gbàgbé.

Owó rẹ̀ kò ní í kọjá agbára. Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àná tí wọ́n ń kọ́ ẹnu ọ̀nà àbáwọlé sí ilé-ìwé wọn lè san owó eré orin kan lọ́dún dípò ẹnu ọ̀nà mìíràn. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ lè yọ̀ǹda gbọ̀ngàn láìgba owó. Àwọn olórin Èkó ní tiwọn kò gbọdọ̀ ka ìrìn àjò yìí sí àánú. Orúkọ Phillips tí ó tọ́ àwọn ọ̀gá wọn dàgbà, Oǹdó ni a ti mọ bàbá tí ó ni ín gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Gbèsè ni wọn yóò máa san.

Iṣẹ́ kan sì wà tí Oǹdó nìkan ni ó lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Orin àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń ṣe Ọbítun wà ní ìlú Oǹdó. Ẹ̀ka èdè Oǹdó ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì tẹ̀lé ohùn ẹ̀ka èdè náà. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin ní Adéyẹmí lọ jókòó ti àwọn ìyá àgbà, kí wọ́n gbọ́ orin náà dáadáa, kí wọ́n kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ṣẹ̀dá iṣẹ́ fún ọ́kẹ́sítírà bí Ṣówándé ti ṣe. Bí ọ́kẹ́sítírà Èkó bá wá ta orin Ọbítun ní Oníkàn, kò sí ẹni tí yóò tún pè é ní orin òyìnbó mọ́.

Ní ti olùkọ́ Yorùbá, kò nílò láti dúró de ìjọba. Kí ó gbé African Suite wá sí kíláàsì láti orí fóònù rẹ̀. Kí ó ní kí àwọn ọmọ pa ojú dé. Kí ó bi wọ́n pé níbo ni ohùn ti gòkè, níbo ni ó ti wálẹ̀, ohùn mélòó ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí, kí ó padà sí ojú pátákó, kí ó kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Fóònù kò tó gbọ̀ngàn, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ọbẹ̀ kò tó ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọkọ̀ àwọn eléré bá gba Ọ̀rẹ̀ dé, àwọn ọmọ wọ̀nyí á ti mọ ohun tí wọ́n wá gbọ́.